Ọkọ̀ tí Kì í Mu Omi, àti Àwọn tí Kò Jẹ́ Kí Ó Kú

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí ọkàn mi nígbàkúùgbà tí mo bá rí ọkọ̀ àtijọ́ tí à ń pè ní Ìjàpá, tí ó ń lọ jẹ́jẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà láàárín àwọn ọkọ̀ titun. Volkswagen ni orúkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì níbi tí a gbé bí i. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣe rìbìtì bí igbá ẹ̀yìn ahun, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìjàpá. Orúkọ náà bá a mu ju bí wọ́n ti rò lọ. Nítorí bí ìjàpá ti ń pẹ́ láyé, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yìí pẹ́. Láti ọdún 2003 ni a ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń rìn. Kí ni ó fà á? Kì í ṣe pé irin wọn kì í dípẹtà, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ wọn kì í bàjẹ́. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn ènìyàn wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n kú. Ìtàn ọkọ̀ yìí àti ti àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò ní ọkọ̀ rárá pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó yà á sọ́tọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ń jẹ epo bẹntiróòlù, iná ń jó nínú ihò irin tí à ń pè ní sìlíńdà, ooru rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ náà yóò fi bàjẹ́ kíákíá bí kò bá sí ohun tí ń tù ú. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, omi ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ó ń yí ẹ́ńjìnnì ká, ó ń gba ooru rẹ̀, ó sì ń lọ tú u dà sí afẹ́fẹ́ nínú rédíétọ̀. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kì í sì í mu omi. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, méjì ní apá ọ̀tún, méjì ní apá òsì, gbogbo wọn sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Ara sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí i ká, kí afẹ́fẹ́ lè rí àyè púpọ̀ fi kàn án. Fáànù ńlá kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn lára, rọ́bà tí à ń pè ní fáànbẹ́ẹ̀tì ni ó sì ń yí fáànù náà. Ọ́ìlì pàápàá ń ru ooru láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbé tù ú. Nítorí náà kò sí omi tí yóò di yìnyín ní ìgbà òtútù, kò sì sí èyí tí yóò hó gbẹ ní aginjù.

Ìjàpá kọ́ ni ó kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí. Ní ìlú Syracuse ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Franklin ta ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tù láti ọdún 1902 títí di 1934. Ní ilẹ̀ Czechoslovakia, Hans Ledwinka ti ilé iṣẹ́ Tatra ti ń ṣe irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tàn ká ayé bí Ìjàpá.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1934, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Jámánì bá Ferdinand Porsche dá májẹ̀mú pé kí ó ṣe ọkọ̀ kan tí owó rẹ̀ kò ní ga ju agbára àwọn mẹ̀kúnnù lọ. Adolf Hitler, ẹni tí ó di olórí ìjọba ní 1933, ni ó wà lẹ́yìn ọ̀ràn náà. Franz Xaver Reimspiess, ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá Porsche ṣiṣẹ́, ni ó ya àwòrán ẹ́ńjìnnì náà. Ní oṣù kárùn-ún 1938 a fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ lélẹ̀ ní ibi tí à ń pè ní Wolfsburg lónìí. A kéde pé 990 máàkì ni owó ọkọ̀ náà, kí olúkúlùkù sì máa dá máàkì 5 lọ́sẹ̀ títí yóò fi pé. Nǹkan bí 336,000 ènìyàn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó náà. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tí ó gba ọkọ̀ láti inú ètò náà. Ogun dé ní 1939, ilé iṣẹ́ náà sì yí padà sí ṣíṣe ohun èlò ogun. Àwọn tí a jẹ lówó wọ̀nyí ṣe ẹjọ́ títí di 1961, kí wọ́n tó gbà pé kí a dá díẹ̀ padà fún wọn.

Ohun tí ó burú ju èyí lọ sì wà. Ní àkókò ogun náà, nǹkan bí 20,000 ènìyàn ni a fi ipá mú ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ yìí: àwọn tí a kó láti Poland àti Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ mìíràn, àwọn ọmọ ogun tí a mú ní ìgbèkùn, àti àwọn tí a mú wá láti àgọ́ ìdánilóró. Àwọn obìnrin tí ó bímọ nínú wọn, a gba ọmọ ọwọ́ wọn, a sì kó àwọn ọmọ náà sí ilé kan ní abúlé Rühen láìsí ìtọ́jú. Ó lé ní 300 ọmọ tí ó kú níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fẹ́ràn Ìjàpá kò fẹ́ gbọ́ apá yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tún ọkọ̀ ṣe kò gbọdọ̀ ba ìtàn jẹ́. Ní ọdún 1999 ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣí ibi ìrántí kan nínú ihò tí a ń sá sí nígbà ogun, kí a má baà gbàgbé àwọn tí ó jìyà níbẹ̀.

Nígbà tí ogun parí ní 1945, bọ́ǹbù ti ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́ púpọ̀. Ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rán ọ̀gá ológun kan lọ síbẹ̀, Ivan Hirst ni orúkọ rẹ̀. Kíyè sí i pé ẹgbẹ́ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú ogun ni Hirst ti wá. Ó kó àlàpà kúrò, ó wá ohun èlò, ó sì mú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí a ti ṣe ṣáájú, ó kùn ún ní àwọ̀ ológun, ó sì fi hàn àwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní kí ó ṣe 20,000 fún wọn. Ní òpin ọdún náà iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1946 wọ́n ti ń ṣe 1,000 lóṣù kan. Ní 1948 Heinz Nordhoff, ọmọ Jámánì, gba ìdarí, ọkọ̀ náà sì di ti aráyé. Ẹ rí i báyìí pé ìgbà méjì ni a bí Ìjàpá. Ìlérí èké ni ó bí i ní ìgbà kìíní, kò sì dé ọwọ́ àwọn tí a ṣe ìlérí fún. Àtúnṣe ni ó bí i ní ìgbà kejì, ìbí kejì yìí ni ó sì yè.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì 1972, iye Ìjàpá tí a ti ṣe ré kọjá iye ọkọ̀ Model T ti Ford, ó pé 15,007,034. Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní 1959, wọ́n pè é ní Fusca. Wọ́n dáwọ́ dúró ní 1986, ṣùgbọ́n ní 1993 Ààrẹ Itamar Franco bẹ̀bẹ̀ fún un, a sì tún ṣe é títí di 1996. Ní 1975 ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, ní ọ̀nà Àgbádárìgì, púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ náà sì ti Brazil wá. Òkun kan náà tí ó ru àwọn ènìyàn wa lọ sí oko ẹrú ní Brazil ni ó wá ru Ìjàpá padà bọ̀ sí Èkó. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí ó bá ra Ìjàpá, ó ti ra ohun iyì. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje 2003, ní Puebla ní Mẹ́síkò, a ṣe èyí tí ó kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 21,529,464.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ àwọn olùtọ́jú ni ẹ̀mí Ìjàpá wà pátápátá. Iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ní 1969 John Muir, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde láti kọ́ ẹni tí kò mú sípánà rí bí yóò ti tọ́jú Volkswagen rẹ̀. Ìwé náà dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì sọ iṣẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì nìkan mọ̀ di iṣẹ́ tí onílé lè ṣe ní àgbàlá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí bóòtù mẹ́rin péré ni ó so ó mọ́ ọkọ̀. Ẹni méjì tí ó mọ ọ̀nà lè sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí i? Ẹní bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn 5,000 kìlómítà, wọn a da ọ́ìlì àtijọ́ nù, wọn a sì bu lítà 2.5 titun sí i. Ọ́ìlì yìí kéré, àsẹ́ wáyà lásán ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì náà sì fi ń sẹ́ ẹ. Nítorí náà ẹni tí ó bá fi owó ọ́ìlì pamọ́ yóò fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Wọn a tẹ fáànbẹ́ẹ̀tì wò, nítorí rọ́bà kan yìí ni ó ń yí fáànù àti ẹ̀rọ tí ń ṣe iná mànàmáná pa pọ̀. Bí ó bá já, iná pupa yóò tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tí ó bá dúró lójú kan náà, tí ó sì ní rọ́bà mìíràn nínú ọkọ̀, yóò dé ilé. Ẹni tí ó bá ní kí òun kúkú sáré dé ibi tí òun ń lọ, kò ní í pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò fi jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọn a tún yẹ fááfù wò ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Fááfù ni ìlẹ̀kùn kékeré tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, tí ó sì ń jẹ́ kí èéfín jáde. Àyè tí ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbà ìkẹyìn jẹ́ 0.15 mìlímítà. Bí àyè náà bá pọ̀ jù, fááfù yóò máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bí ó bá tán, yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò ní í lè pa dé, iná yóò sì máa jó o títí yóò fi gé. Nítorí náà àwọn àgbà mẹkáníìkì kì í bẹ̀rù èyí tí ń pariwo bí wọ́n ti ń bẹ̀rù èyí tí ó dákẹ́. Sìlíńdà kẹta ni wọ́n ń ṣọ́ jù lọ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ibi tí a ti ń tu ọ́ìlì wà lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ó ń kàn án. Àìsàn kan náà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè rí, kí ilé iṣẹ́ tó sún ohun náà kúrò lójú ọ̀nà nínú àwọn ọkọ̀ ọdún 1971.

Ohun kan ṣì kù tí ó ń dun àwọn olùtọ́jú wọ̀nyí. Bí wọ́n bá ra Ìjàpá àtijọ́, wọ́n a máa rí i nígbà mìíràn pé ẹni tí ó tún un ṣe ṣáájú ti ju àwọn páànù tí ó bo ẹ́ńjìnnì nù, nítorí ó rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n. Páànù wọ̀nyí ni ó ń tọ́ afẹ́fẹ́ sọ́nà, tí kì í sì í jẹ́ kí ooru tí ó ti jáde tún padà wọlé. Ẹni náà kò ṣe ibi. Kò kàn bèèrè ìdí tí ẹni tí ó ṣe é fi fi í síbẹ̀ ni. Mélòó ni àṣà rere tí àwa náà ti sọ nù bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan yóò wí pé, “Kí ni ànfààní irú làálàá yìí? Ọkọ̀ titun yá jù ú lọ, ariwo rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, èéfín rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dáàbò bo ènìyàn jù ú lọ.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì rọ ẹnikẹ́ni pé kí ó padà sí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe ọkọ̀ nìkan. Àwọn mẹkáníìkì tí ó lè fi etí mọ fááfù tí ó ti dákẹ́ ti ń darúgbó, òmíràn sì ti kọjá lọ láìní ọmọ iṣẹ́. Ìwé lè sọ iye mìlímítà fún wa. Kò lè fi ọwọ́ àgbà lé ọwọ́ ọmọdé. Bí ọmọdé kan bá jókòó ti irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, tí ó di fìtílà mú fún un, tí ó sì ń bèèrè ìdí nǹkan, ó ti gba ogún tí owó kò lè rà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, agbára òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ìpẹtà àti ooru kò sinmi, ìgbàgbé náà kò sinmi. Ẹni tí ó ṣe ìlérí ọkọ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ti ṣègbé pẹ̀lú ìlérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi sùúrù yí bóòtù kan lẹ́yìn èkejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì pàtẹ́wọ́ fún, ni ó mú ohun tí ó fi sílẹ̀ di ìrọ̀rùn fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ kọ́ ìtọ́jú ohun kékeré tí ó wà ní ọwọ́ yín, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́, ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe àga ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí Ìjàpá kan ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú ariwo rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, ẹnì kan kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀.