Iná tí kò ní ìṣáná

1/ Ẹ̀yin tèmi, ṣé ẹ ti rí ààtàn tó ń rú èéfín rí, tẹ́ ẹ sì búra pé ẹnì kan ló dáná sí i? Ó lè má sẹ́ni tó dáná o. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín.

2/ Ọjọ́ 15 oṣù kejì, 1898. Maine, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, wà ní èbúté Havana ní Kúbà. Sípéènì ló ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà, àwọn ọmọ Kúbà sì ń jà fún òmìnira. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ bú gbàmù! Èèyàn tó kú lé ní 260.

3/ Ta ló ṣe é? Ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà ní bọ́ǹbù abẹ́ omi ni. Ìwádìí Sípéènì ní rárá, inú ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn New York ti dájọ́ tiwọn ṣáájú. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ogun ti bẹ̀rẹ̀.

4/ Ẹ wá gbọ́ o. Èédú ni ọkọ̀ náà ń lò, yàrá èédú kan sì fara ti yàrá ẹ̀tù ìbọn. Irin lásán ló wà láàárín wọn.

5/ Èédú máa ń fa ọ́síjìn mọ́ra, ooru á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀. Tó bá kéré, atẹ́gùn á gbé ooru ẹ̀ lọ. Tó bá pọ̀ níbi tó há, ooru á bí ooru, títí táá fi gbiná fúnra ẹ̀.

6/ Kì í ṣe àwámárìídìí nígbà yẹn: èédú ti gbiná bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ogun míì ṣáájú. Ní 1976, Ọ̀gágun Hyman Rickover àtàwọn onímọ̀ tó kó jọ ní inú ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná èédú. Àwọn kan ṣì ń jiyàn ẹ̀ dòní.

7/ Lónìí, ìdánwò wà fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìlànà UN: ẹ bu díẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ wáyà onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 10 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ gbé e sínú ààrò tó gbóná tó 140°C fún wákàtí 24. Tí inú ẹ̀ bá kọjá 200°C, ewu ni.

8/ Ohun tó ń dùn mí nìyí: ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi yàrá èédú, ọ̀tá ni wọ́n lọ bi. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rò?