Orúkọ Ohun Tó Pa Á: Ìtàn Kòkòrò Inú Òkun Tó Ń Fa Onígbáméjì

Adó-Èkìtì ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Òkè ló yí wa ká níbí, òkun jìnnà sí wa. Síbẹ̀, ìtàn kòkòrò inú òkun ni mo mú wá lónìí, nítorí pé ó ti wọ ilé wa rí.

Lọ́dún 1971, àbúrò ìyá mi àgbà dé láti Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó sì ń yàgbẹ́ bí omi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, ó ti kú. Onígbáméjì ni wọ́n pè é: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ẹbí ní irọ́ ni, wọ́n ní obìnrin kan ládùúgbò ló fún un ní májèlé jẹ. Títí obìnrin náà fi kú, ilé wa kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo jáde yunifásítì, Màmá bi mí pé, "Ìwọ tó o kàwé, kí lorúkọ ohun tó pa àbúrò mi gan-an?" Ìbéèrè yẹn ló bí ètò tòní.

Vibrio lorúkọ ìdílé rẹ̀. Otto Friedrich Müller, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló kọ́kọ́ lo orúkọ náà lọ́dún 1773 fún àwọn ohun tíntìntín tó rí tí wọ́n ń gbọ̀n nínú omi. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí "gbọ̀n" ló ti mú un. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló fi sọ ọ́ lórúkọ, bí àwọn baba wa ṣe fi igbá méjì sọ àìsàn náà lórúkọ.

Lọ́dún 1854, onígbáméjì ń pa àwọn ará Florence ní Ítálì. Dókítà Filippo Pacini fi maikirosikóòpù yẹ ìfun àwọn tó kú wò, ó rí kòkòrò tó tẹ̀, ó pè é ní Vibrio, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló ń fa àìsàn náà. Wọn kò kà á sí. Afẹ́fẹ́ burúkú ni ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn ń dá lẹ́bi. Pacini kú ní oṣù Keje 1883. Kò pẹ́ sígbà náà tí Robert Koch, ọmọ Jámánì, rí kòkòrò yìí ní Íjíbítì àti Íńdíà, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn. Àmì kọ́mà ni Koch fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó di ọdún 1965 kí ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí orúkọ bakitéríà tó dá ẹ̀tọ́ Pacini padà fún un. Wọ́n ní kí orúkọ náà máa jẹ́ Vibrio cholerae Pacini 1854. Ó dà bí orúkọ inú rẹ́jísítà: ti ìdílé ló ṣáájú, ti ọmọ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹni tó sọ ọ́ àti ọdún.

Ìdílé yìí tóbi, omi oníyọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Lọ́dún 1950, ẹja kéékèèké pa èèyàn 20 ní Osaka, ní Japan. Tsunesaburo Fujino rí kòkòrò tó fà á, ó sì fi í sí ìdílé Pasteurella. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n sì gbé e lọ sí ìdílé Vibrio. Àṣìmú ń ṣẹlẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní gbangba.

Ẹ̀yà onígbáméjì tó dé ọ̀dọ̀ wa ń jẹ́ El Tor, orúkọ ibùdó kan ní Sinai tí wọ́n ti rí i lára àwọn tó ń ti Mẹ́kà bọ̀ ní 1905. Ó gbéra ní Indonesia ní 1961, ó dé Guinea ní oṣù Kẹjọ 1970, ó wá ń tọ etí òkun bọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Èkó. Ní 1971 nìkan, wọ́n ka èèyàn 22,931 tó kó o ní Nàìjíríà. 2,945 nínú wọn ló kú.

Àbúrò Màmá, Èkó ló ti ń bọ̀.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí tán, Màmá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe orúkọ obìnrin àdúgbò yẹn. Wọ́n ní, "A ṣẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀ nílé yín, ẹ má ṣe wá ẹni tí ẹ máa dá lẹ́bi. Ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ sì máa se omi mímu yín.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.