Wàláà àti Ẹ̀kọ́ Ìwọ̀nba-Ìwọ̀nba

Pákó ni àwọn Haúsá ń pè ní kàtákò, òun náà sì ni wọ́n fi sọ ọjà pákó tí ó wà ní Laranto, nílùú Jọ́ọ̀sì, lórúkọ. Pákó ni wàláà àwọn ọmọ ilé-kéwú pẹ̀lú, ìbáà ṣe Haúsá, ìbáà ṣe Yorùbá. Ìwọ̀nba ẹ̀kọ́ ni ààfáà máa ń kọ sí i. Ọmọ yóò kà á títí, ààfáà yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí a tó fọ tàdáwà kúrò, kí a sì kọ òmíràn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Láti 1840 ni Isaac Pitman ti ń fi lẹ́tà kọ́ni ní ìkọ̀wé ìkékúrú: akẹ́kọ̀ọ́ a dá iṣẹ́ rẹ̀ padà, a sì tún un ṣe fún un. Nípa irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé Nàìjíríà fi gba ìwé ẹ̀rí láìfi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, a tún rí àṣà yìí, nítorí ẹni tí a kó gbogbo ẹ̀kọ́ lé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kíá ni í sú u. Ní 2011, Sebastian Thrun àti Peter Norvig ń gbé ẹ̀kọ́ kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn bí 160,000 ni ó forúkọ sílẹ̀. Nǹkan bí 23,000 péré ni ó parí rẹ̀. Àṣé ìwọ̀nba nìkan kò tó! Ọ̀sẹ̀ tí ó yí ni ó ń ṣí ẹ̀kọ́ tuntun, yálà akẹ́kọ̀ọ́ mọ ti àtẹ̀yìnwá tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ní ti wàláà, etí ààfáà ni ó ń ṣí i: ọmọ kan lè wà lórí ẹ̀kọ́ kan fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.