Kábéèjì, Cato àti Àrùn Jẹjẹrẹ

Ó lè ya yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ewébẹ̀ àti àrùn jẹjẹrẹ. Inú ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ìwé kíkà sì ni iṣẹ́ mi.

Ní nǹkan bí ọdún 160 kí a tó bí Jésù, Cato, àgbà òṣèlú ní Róòmù, kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. De Agri Cultura ni orúkọ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti gbé kábéèjì ga ju gbogbo ewébẹ̀ yòókù lọ. Ó ní kí a gún un, kí a fi lé egbò orí ọmú, títí kan èyí tí ó pè ní cancer. Alákàn ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Látìn. Oríṣiríṣi egbò tí ó kọ̀ tí kò jinná ni àwọn ará ìgbàanì sì ń lò ó fún. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ sáré sọ pé jẹjẹrẹ tí àwọn dókítà mọ̀ lónìí gan-an ni Cato ní lọ́kàn. Plutarch, tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, sọ pé Cato kórìíra àwọn oníṣègùn Gíríìkì, àti pé ìwé ìṣègùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni ó fi ń tọ́jú àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òpìtàn náà kò ṣàì fi kún un pé ìyàwó Cato àti ọmọ rẹ̀ kú mọ́ ọn lójú.

Ǹjẹ́ asán ni ìyìn kábéèjì bí? Rárá o. Ní ọdún 1992, Paul Talalay àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, yọ èròjà kan tí à ń pè ní sulforaphane jáde láti ara brókólì, ọmọ ìyá kábéèjì. Èròjà yìí kì í dá wà lára ewébẹ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ohun méjì tí ó ń bí i, glucoraphanin àti myrosinase, wà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà tí a bá gé ewébẹ̀ náà tàbí tí a rún un lẹ́nu ni wọ́n tó pàdé. Bí a bá sè é pẹ́ jù, iná a pa myrosinase.

Nínú ara wa, Keap1 ni ó máa ń di Nrf2 mú. Sulforaphane a mú kí ó tú u sílẹ̀. Nrf2 a wọ àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì lọ, a sì pàṣẹ pé kí a pèsè àwọn èròjà tí ń sọ májèlé di aláìlágbára kí ó tó ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Nínú àwo ìwádìí, sulforaphane a tún máa dá ìbísí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dúró, a sì máa pa púpọ̀ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n àwo kì í ṣe ènìyàn. Ní Qidong, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ènìyàn 291 ni a pín sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìwádìí náà, tí ó jáde ní ọdún 2014, fi hàn pé àwọn tí ó mu omi èéhù brókólì tọ ìyókù májèlé benzene dànù ní ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn yòókù lọ. Ìdáàbòbò nìyẹn, kì í ṣe ìwòsàn. Tibi tire ni a sì dá ilé ayé: nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan, Keap1 ti bàjẹ́, Nrf2 kò sinmi mọ́, jẹjẹrẹ náà gan-an ni ó sì wá ń dáàbò bò lọ́wọ́ oògùn.

Ibí ni iṣẹ́ àwa tí ń ka ìwé wà. Ẹni tí ó bá sọ pé ewébẹ̀ ń dáàbò boni kò tíì sọ pé ó ń wo jẹjẹrẹ sàn. Obìnrin tí ó bá rí kókó ní ọmú, tí ó wá ń fi kábéèjì lé e nílé, ń fi ọjọ́ tí dókítà ìbá fi gbà á là ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí a máa jẹ kábéèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá rí kókó, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbà lọ.