Iná wo ló yẹ fún ahun tí ẹ ń sìn nínú yàrá? Ohun tí ojú mi rí ní Ìjagun

Gílóòbù 60 watt ni mo kọ́kọ́ rà fún ahun mi. Mo so ó sókè báàfù ńlá tí mo fi ṣe ilé fún un nínú yàrá mi ní Ìjagun, níbi tí kò jìnnà sí géètì TASUED, mo wá rò pé iṣẹ́ ti parí. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo gbé e kí n lè fọ báàfù, ọwọ́ mi bá kan ìkarahun rẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Ó rọ̀ bíi páálí tí omi kàn. Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá ò tiẹ̀ wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé ó ń rí oòrùn?" Mo ní, "Ó ní iná, sà." Ó kàn wò mí.

Àṣìṣe yìí pọ̀ láàárín àwa tá à ń sin ahun nínú ilé, torí fídíò YouTube la fi ń kọ́ ọ, ìlú òtútù sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fídíò yẹn ń gbé. Ní London lóṣù December, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ò ju nǹkan bíi wákàtí 8 lọ. Kò sí bí ahun ibẹ̀ ò ṣe ní nílò iná tó ń móoru. Ìjagun kọ́ nìyẹn. Ọ̀sán tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wákàtí 12 láti January dé December, ooru sì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àfi lóru ọyẹ́ tàbí òru òjò. Nǹkan tí ahun inú yàrá ò rí ni UVB.

UVB jẹ́ apá kan ìtànṣán oòrùn tí ojú wa ò lè rí. Tó bá bà sára ahun, awọ ara rẹ̀ á fi ṣe fítámì D3, D3 yìí ló sì ń jẹ́ kí káṣíọ̀mù inú oúnjẹ wọ eegun àti ìkarahun. Bí kò bá sí i, ẹ lè máa fún un ní ewé láàárọ̀ lálẹ́, eegun á ṣì máa rọ̀. Gílóòbù lásán ò ní in. LED inú ilé ò ní in. Gíláàsì fèrèsé sì ń dí i, torí náà ẹ má gbé báàfù sídìí fèrèsé títì kẹ́ ẹ ní ó ń yáàrùn. Ooru nìkan ló ń wọlé, ó sì lè sè é pa.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ahun tẹ́ ẹ ní. Ahun igbó ọ̀dọ̀ wa, Kinixys, máa ń ní oríkèé lẹ́yìn ìkarahun rẹ̀ tó fi ń pa ìdí dé bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Abẹ́ ewé jíjẹrà ló ń gbé. Ìbòòji àti ọ̀rinrin ló fẹ́, 24 sí 28°C sì tó o. Tó bá ti ń kọjá 30, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀. Irú èyí gan-an ni mo so gílóòbù gbígbóná lé lórí, ẹ ò rí ayé mi! Ẹ má sì rán ọmọdé lọ wá a nígbó o, torí Kinixys homeana ti wà lára àwọn ẹranko tó kù díẹ̀ kó pòórá láyé. Ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi tèmi sè kí n tó bẹ̀bẹ̀ gbà á.

Ahun ńlá aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya, sulcata, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bí i sí. Ó fẹ́ igun kan tó tó 35 sí 38°C, kí apá kejì ilé rẹ̀ tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lè rí ibi sá sí. Ibẹ̀ ni gílóòbù ti wúlò. Ẹ ra tẹmómítà, ẹ má fọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Oòrùn gan-an ló dáa jù. Àlàgbà, ahun ààfin Ògbómọ̀ṣọ́ tó kú ní October 2019, n ò gbọ́ pé ẹnì kan so iná UVB fún un. Ààfin ní ọdún 344 ló lò, àwọn onímọ̀ ní kò ṣeé gbà gbọ́, ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ wa ṣá. Ẹ gbé tiyín síta láàárọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kí ìbòòji wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ dúró tì í o. Ajá wà níta, ahun sì máa ń rìn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Bí ẹ bá ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò sí ọgbà, ẹ wá túùbù UVB tí wọ́n ṣe fún ẹranko afàyàfà. Wọ́n ń kọ agbára rẹ̀ sára páálí: 5 tàbí 6% fún ahun igbó, 10 tàbí 12% fún sulcata. Kó jìnnà sí ẹ̀yìn ahun ní nǹkan bíi 30 sí 45 cm, kí gíláàsì tàbí ike má sì wà láàárín. Lẹ́yìn oṣù 12, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó tilẹ̀ ṣì ń tàn, torí UVB inú rẹ̀ ti máa ń dínkù kí ìmọ́lẹ̀ tó lọ. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà! Iná elésèé àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ ayédèrú náírà wò kì í ṣe UVB. Iná UVC apakòkòrò tó gbòde nígbà Kòrónà ló tún burú jù, ojú ni ìyẹn ń jó.

Tí iná bá lọ ńkọ́? Túùbù 24 watt fún wákàtí 10 jẹ́ 240 watt-hour. Gílóòbù 60 watt jẹ́ 600, bẹ́ẹ̀ bátìrì inverter olómi 12 volt, 100Ah, kò yẹ kẹ́ ẹ lò ju bíi 600 náà lọ nínú rẹ̀ tẹ́ ò bá fẹ́ kó tètè kú. Ahun nìkan á ti lò ó tán.

Lóru, kò nílò ìmọ́lẹ̀ kankan, ìbáà jẹ́ pupa. Òkùnkùn ni kó fi sùn. Tí ọyẹ́ bá mú, ẹ fi páálí ṣe ihò fún un, ẹ kó ewé gbígbẹ sí i, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ wé ìgò omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń sin òròmọdìẹ máa ń gbé ìkòkò èédú kalẹ̀. Ẹ má dán an wò nínú yàrá tẹ́ ẹ ń sùn, ẹ má sì tan jẹ́nẹ́ sí kọ́rídọ̀ torí ahun. Carbon monoxide ò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun.

Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ìkarahun tó rọ̀, ẹ má dúró wo fídíò míì. Ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB wà ní Abẹ́òkúta.

Ahun mi ṣì wà. Àràárọ̀ ló ń jáde sẹ́yìnkùlé báyìí. Ìkarahun rẹ̀ ti le padà, àmọ́ ibi tó ti wọ́ ò tọ́ mọ́, dókítà sì ní kò lè tọ́ mọ́. Gílóòbù yẹn wà ní kọ́rídọ̀ wa, òun là ń fi ríran lálẹ́.