Amúnútutù, Ejìnrìn àti Atalẹ̀: Ewébẹ̀ Tó Ń Mú Ara Tutù àti Èyí Tó Ń Mú Ara Gbóná

Tí èèyàn bá dúró nídìí ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Ìwòyè-Kétu, ìlú tó wà létí ààlà Nàìjíríà àti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, ó lè gbọ́ orúkọ méjì fún ewé kan ṣoṣo. Ẹni tó ti ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀ wá lè pe ewédú ní crincrin, kó pe tẹ̀tẹ̀ ní fotètè, kó sì pe ẹfinrin ní tchiayo. Náírà lè wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì lè jẹ́ sẹ́fà. Ṣùgbọ́n tí aboyún bá ní inú òun ń gbóná, amúnútutù ni wọ́n sábà máa nawọ́ sí, ì báà jẹ́ apá ibí ni tàbí apá ọ̀hún.

Orúkọ ewé yìí ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ tán: a-mú-inú-tutù. Ewé rẹ̀ nípọn, ó máa ń yọ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá sè é, ó sì máa ń fà bí ìtàkùn lára ọgbà. Tutù tí wọ́n ń wí níbí kì í ṣe tutù omi inú fìríìjì o. Ọbẹ̀ amúnútutù tó ń hó lórí iná, ohun tútù ni. Ata gbígbẹ tó ti wà nínú àpò láti oṣù mẹ́ta, ohun gbígbóná ni. Ohun tí ewé bá ṣe lára lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́ tán ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ṣé ó rọ inú, ó dẹ ìgbẹ́, ó jẹ́ kí èèyàn rí oorun sùn? Àbí ó mú òógùn jáde, tó sì lé òtútù kúrò lára?

Lọ́dọ̀ Yorùbá, òdúndún, rinrin àti tẹ̀tẹ̀ ló sábà máa ń ṣáájú tí wọ́n bá ń ka ewé tútù. Àwọn tó ń yọ̀ bí ilá àti ewédú náà, ọ̀dọ̀ ohun tó ń rọ inú ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà wọ́n mọ́. Ní òdìkejì ni ata, atalẹ̀, ìyèré, èèrù àti atare wà. Ewúro ló ṣòro. Ẹni tó bá fẹ́ fi dandan tì í sí apá tútù tàbí apá gbígbóná, òun àti ìyá àgbà mẹ́ta lè jà lórí ẹ̀. Kíkorò ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni wọ́n fi ń lé kòkòrò inú àti jẹ̀díjẹ̀dí, tí wọ́n gbà pé ohun dídùn ló ń fà á. Ẹranko pàápàá mọ ewúro. Ní ọdún 1987, ní òkè Mahale ní orílẹ̀-èdè Tanzania, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Michael Huffman rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ ò yá tó ń bó igi ewúro, tó ń fa omi kíkorò inú rẹ̀ mu. Nǹkan bí ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, ara ẹranko náà ti ń padà bọ̀ sípò.

Ní Kétu gan-an, tó wà lápá Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n ti tẹ ọmọ Faransé kan, Pierre Verger, nífá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ Fátúmbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kó orúkọ ewé àti ìlò wọn jọ nílẹ̀ Yorùbá. Ìwé ńlá rẹ̀, Ewé, jáde ní Bùràsíìlì ní ọdún 1995, ó sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohun kan tó tẹnu mọ́ ni pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú ọfọ̀ rẹ̀ sábà máa ń dún bára wọn mu, bíi pé orúkọ ló ń pàṣẹ fún ewé. Ẹni tó bá mọ amúnútutù ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tó ní lọ́kàn.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti agbègbè Kétu àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá gbé ìmọ̀ yìí dání dé Bàhíà. Nínú àwọn ilé òrìṣà tí wọ́n ń pe ara wọn ní ẹ̀yà Ketu níbẹ̀, títí dòní, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ewé sí: gún àti ẹ̀rọ̀. Ewé gún ń ru ara sókè, ewé ẹ̀rọ̀ ń mú un rọlẹ̀, wọ́n sì máa ń wo bí méjèèjì ṣe máa bára mu nínú omi ìwẹ̀. Òdúndún wà lára ẹ̀rọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un lédè Potogí, folha-da-costa, túmọ̀ sí ewé Etíkun, ìyẹn etíkun Áfíríkà níbí.

Ní Ṣáínà, ó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún tí wọ́n ti ń kọ irú ìmọ̀ báyìí sínú ìwé. Shennong Bencao Jing, ìwé oògùn wọn àtijọ́, ka oògùn 365. Ó ní adùn márùn-ún ni oògùn ní, ìwà rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin: èyí tó tutù gan-an, èyí tó tutù díẹ̀, èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti èyí tó gbóná. Nígbà tó yá, wọ́n fi ipò àárín kún un fún ohun tí kò gbóná tí kò sì tutù. Li Shizhen kọ ìwé tó tóbi ju ìyẹn lọ. Ó parí rẹ̀ ní 1578, ṣùgbọ́n ó ti kú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1596.

Ohun tó lè ya ará Ìwòyè lẹ́nu ni pé ewé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wà nínú ètò àwọn ará Ṣáínà. Ejìnrìn tó ń fà lórí ọgbà níbí, tí wọ́n ń gbo fún ibà, oríṣi tí èso rẹ̀ tóbi ni wọ́n ń gbìn lọ́hùn-ún fún ọbẹ̀. Ohun tó tutù gan-an ni wọ́n pè é. Pápásan náà tutù gan-an lójú wọn, amúnútutù pẹ̀lú. Tẹ̀tẹ̀ tutù díẹ̀. Atalẹ̀ tútù lọ́wọ́ọ́wọ́, àmọ́ tó bá ti gbẹ, ó di gbígbóná. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé àwọn ará Ṣáínà máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí inú rẹ̀ jẹ́ aláìlera tàbí tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru pé kó má jẹ ewé tútù ní àjẹjù. Aboyún ni wọ́n kìlọ̀ pápásan fún ní pàtàkì.

Lórí ọlọ́mọ tuntun, ọ̀rọ̀ wọn tún ṣọ̀kan. Níbí, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń wẹ̀ fún un, ọbẹ̀ tó ta dáadáa ni wọ́n ń sè fún un, pẹ̀lú ìyèré tàbí èèrù nínú. Ní Ṣáínà, nǹkan bí oṣù kan ni ìyá ọmọ fi ń jókòó sílé, wọ́n ń fún un ní oúnjẹ tí wọ́n fi atalẹ̀ sè, wọn kì í sì jẹ́ kó fẹnu kan ewébẹ̀ tútù. Fún àwọn yòókù, tí wọ́n bá fẹ́ dín ìtútù ewé kù, atalẹ̀ ni wọ́n máa ń jù sínú agbada. Ẹni tó ń ro ẹ̀fọ́ níbí pẹ̀lú ata, àlùbọ́sà àti irú ń ṣe ohun tó jọ ọ́, kò kàn pè é ní oògùn ni.

Àlejò sì ni ata yẹn o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ọkọ̀ àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun ibí lẹ́yìn 1492. Ní Ṣáínà, ìwé kan tí wọ́n kọ ní 1591 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Ìyèré àti atare ló ti ń ta àwọn baba ńlá lẹ́nu kó tó dé. Kò sẹ́ni tó dúró de ìwé àtijọ́ kó tó pè é ní gbígbóná. Ahọ́n ló dá ẹjọ́ yẹn.

Ibà ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Ara ọmọ ń gbóná, ewé tútù ló wà nílẹ̀, wọ́n á gbo òdúndún tàbí rinrin, wọ́n á fi pa á lára. Ara lè tutù díẹ̀. Kòkòrò ibà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò kúrò, ọmọ kékeré sì lè ti ọwọ́ ibà lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ará Ṣáínà náà ní ewé tútù tiwọn fún ibà, wọ́n ń pè é ní qinghao. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, Ge Hong kọ ọ́ pé kí wọ́n rẹ ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu omi rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbo ewé ti mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn nǹkan bí 1,600 ọdún, obìnrin onímọ̀ kan, Tu Youyou, ka ìlà yẹn, ó sì fura pé sísè ló ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó wá ọ̀nà tí kò ní iná púpọ̀ nínú. Ní oṣù kẹwàá 1971, èyí tó fà jáde pa gbogbo kòkòrò ibà tó wà lára eku tí wọ́n fi dán an wò. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Inú ewé yẹn ni artemether ti wá, ìyẹn ọ̀kan nínú èròjà méjì tó wà nínú oògùn ibà tí wọ́n ń fún èèyàn ní ilé ìwòsàn Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ artemether àti lumefantrine sí lára.

Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ò fọwọ́ sí i pé kí èèyàn máa mu omi ewé qinghao fún ibà, torí oògùn tó wà nínú ife kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ìkejì, èyí tí kò sì tó á kàn kọ́ kòkòrò ní bí á ṣe máa fara dà á ni. Tí ara ọmọ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ láàárín wákàtí 24 kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n lè fi aṣọ tó rin nù ún lára lọ́nà. Ọmọ tí gìrì mú, tí kò lè mu ọmú tàbí tó ń bì ṣáá, kò gbọ́dọ̀ dúró de ewé rárá.

Nínú ọbẹ̀ ojoojúmọ́, ewu ò tó báyẹn, àmọ́ ó wà. Tẹ̀tẹ̀, gbúre àti amúnútutù ní èròjà tó lè dá kún òkúta inú kíndìnrín. Ẹni tó ti ní i tẹ́lẹ̀ lè bọ̀ wọ́n nínú omi púpọ̀, kó da omi yẹn nù kó tó sè wọ́n. Ewúro àti ejìnrìn lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tó sì ń mu omi wọn, sọ fún nọ́ọ̀sì, torí méjèèjì pọ̀ lè dá òòyì kọ́ ọ títí tó máa fi dákú. Ẹni tí dókítà fún ní warfarin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, kò ní kó má jẹ ẹ̀fọ́ o. Kó kàn máa jẹ ẹ́ níwọ̀n kan náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kó má ṣe fi í sílẹ̀ fún oṣù kan kó wá jẹ ìkòkò odindi lọ́jọ́ ọdún.