Ọ̀fọ̀ Ìlú Lórí Ikú Òjijì Gbajúmọ̀

Ọ̀fọ̀ ìlú ni ìbànújẹ́ tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ikú òjijì bá mú ẹni tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó láti orí rédíò, tẹlifíṣọ̀n, àwo orin tàbí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bá a tan, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì fojú kàn án rí. Ó yàtọ̀ sí ọ̀fọ̀ agbo ilé. Nínú agbo ilé, ọmọ olóòkú mọ ìnáwó tó kàn án, àna mọ ohun tí yóò gbé wá, àwọn obìnrin ilé mọ ìgbà tí ẹkún kàn wọ́n àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́, àwọn tó wá kí wọn sì mọ̀ pé “ẹ kú ará fẹ́ra kù” ni a ń sọ. Ẹni tó fẹ́ràn gbajúmọ̀ láti òkèèrè kò ní irú ipò bẹ́ẹ̀: kò sí ẹni tí yóò kí i, kò sì sí iṣẹ́ kankan tí òkú náà fi sílẹ̀ fún un láti ṣe. Ohun tí àìníṣẹ́ yìí ń dá sílẹ̀ ni kókó àyọkà yìí, tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní agbègbè Ọ̀tà àti Ṣàngó Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó sì fi ikú Steve Irwin, atọ́kùn ètò ẹranko igbó tó jẹ́ ọmọ Ọsirélíà, ṣe àfiwé.

Kì í ṣe ojú kan náà ni Yorùbá fi ń wo gbogbo òkú. Bí àgbàlagbà tó ti bímọ, tí ọmọ rẹ̀ náà sì ti bímọ, bá kú, ìnáwó ni wọ́n ń ṣe, ìlù a dún, aṣọ ẹbí a jáde, ẹkún ibẹ̀ kì í sì í pẹ́ di orin. Òkú ọ̀fọ̀ ni ti ọ̀dọ́ tàbí ti ẹni tí òbí rẹ̀ ṣì wà láyé. Wéréwéré ni a ń sin irú wọn, òbí kì í débi sàréè, wọn kì í sì í se àsè. Ọ̀wọ́ kẹta ni àwọn tí ọ̀nà tí wọ́n gbà kú ṣàjèjì. Ẹni tí àrá pa di ti àwọn Mọ́gbà, ìyẹn àwọn àgbà ìsìn Ṣàngó, tí àwọn nìkan láṣẹ láti gbé e. Ẹni tí odò gbé lọ ní àwọn olùsìn òrìṣà odò tí ń ṣètùtù kí a tó sin ín, létí odò náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìlànà wọ̀nyí le, ohun tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ ẹbí olóòkú kì í kéré, ṣùgbọ́n wọ́n ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ikú òjijì máa ń kọ́kọ́ béèrè, pé kí ló pa á, kí ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò.

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ Yorùbá, bóyá ni a fi rí èyí tí ètò ọ̀fọ̀ rẹ̀ kún tó ti àwọn ọdẹ, àwọn tó fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn bá ẹranko igbó lò. Ìṣípà ọdẹ ni orúkọ ètò náà, ìyẹn ọ̀nà tí ẹgbẹ́ fi ń yọ ọdẹ tó kú kúrò láàárín àwọn alààyè, kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà máa tọ̀ wọ́n lẹ́yìn nínú igbó. Wọn a ṣe ère tó dúró fún olóògbé, wọn a wọ aṣọ ìṣọdẹ rẹ̀ fún un, wọn a kó àwọn ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ tì í. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a máa sun ìrèmọ̀jé, tí í ṣe ewì arò àwọn ọdẹ, yí i ká títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí wọ́n tó gbé ẹrù náà wọ igbó lọ. Bádé Àjùwọ̀n, ọ̀mọ̀wé tó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí ìrèmọ̀jé, ṣàlàyé pé àwọn ọdẹ gbà pé Ògún fúnra rẹ̀ ló fi àṣẹ sísun rẹ̀ lélẹ̀. Oríkì olóògbé ń bẹ nínú rẹ̀, ẹran tó pa ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àròyé lórí ikú fúnra rẹ̀. Ẹnu ara wọn ni àwọn ọdẹ ti ń gbà á. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sun a gbè é, ẹni tí kò sì lè gbè é a bá wọn gbé nǹkan lọ́wọ́. Ohun mìíràn tó yẹ ní àkíyèsí ni pé àwọn ọdẹ yìí kan náà ló ń ki ẹfọ̀n, erin àti àmọ̀tẹ́kùn nínú ìjálá wọn tìyìn-tìyìn. Wọ́n mọ̀ pé ẹran tí wọ́n ń lé lè pa wọ́n, wọn kò sì sọ ọ́ di ọ̀daràn nítorí rẹ̀.

Ẹni tó kọ ìtàn ọdẹ tí ọmọ Yorùbá mọ̀ jù lọ ni ikú òjijì rẹ̀ kọ́kọ́ fi hàn bí ọ̀fọ̀ ìlú ṣe ń rí láyé ìwé títẹ̀. D. O. Fágúnwà, tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, rì sómi ní odò Wuya nítòsí Bida nínú oṣù Kejìlá ọdún 1963. Aṣojú iléeṣẹ́ atẹ̀wé ni nígbà náà, ìrìn-àjò iṣẹ́ ló sì gbé e débẹ̀. Òkè-Igbó ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ọmọ iléèwé tó ti bá Àkàràoògùn, ọdẹ inú ìwé náà, wọ igbó kò lè gbà pé ẹsẹ̀ lásán ló yọ̀ létí odò. Ìtàn gba ìgboro pé àwọn iwin àti ẹbọra tí Fágúnwà ń tú àṣírí wọn ló wá mú un lọ. Ìtàn tó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ẹ̀rí pé òǹkàwé tí kò sí níbi ìsìnkú wá ọ̀nà ti ara rẹ̀ láti bá ikú náà ṣe nǹkan.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di púpọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ rédíò OGBC ti Ìpínlẹ̀ Ògùn tẹ̀lé e ní 1977, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Èkó sì dé ní 1980. Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì tí Ọlọ́tà jẹ́ ọba rẹ̀, wà ní ibi tí ohùn Èkó àti ti Abẹ́òkúta ti ń pàdé, nítorí pé ojú ọ̀nà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni Ṣàngó wà. Láti bí ọdún 1970 sí 1980 ni àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ti ń pọ̀ sí i ní agbègbè náà, tí wọ́n ń ṣe irin, oògùn, ike àti oúnjẹ inú páálí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rọ́ wá láti Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, ilẹ̀ Ìgbò àti Kútọnu gba yàrá kọ̀ọ̀kan sí Jọjú, Ìjọ̀kó, Ojú-Ọrẹ àti Ìyànà-Ìyèsí. Agbo ilé wọn jìnnà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òru kò ní alábàárìn kankan ju ohùn rédíò tí ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ lọ. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn kan náà ní gbogbo òru fún ọdún púpọ̀ ti ní ìbátan tí a kò bí mọ́ ọn.

Bí gbajúmọ̀ bá kú, ibi tí a ti kọ́kọ́ máa ń mọ̀ ní Ṣàngó ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta orin lábẹ́ agboòrùn. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, wọn a gbé gbohùngbohùn síta, wọn a sì fi orin olóògbé ké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀; láyé fóònù, wọn a so orin rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, wọn a sì máa gbé e sí mẹ́mọ́rì káàdì fún awakọ̀, ọlọ́kadà àti àwọn ọmọ iṣẹ́. Àwòrán olóògbé a jáde lẹ́yìn ọkọ̀ akérò. Ọjà ni, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á náà ń wá ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe fún òkú.

Ikú Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, jẹ́ èyí tí àwọn àgbà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kò tíì gbàgbé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, ní ilé ọtí kan ní Abẹ́òkúta, ẹni tó ti jẹ́ alámòójútó ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ la ife mọ́ ọn lórí nínú ìjà tí alùpùpù dá sílẹ̀, ó sì gbabẹ̀ kú. Ìlànà Mùsùlùmí ni wọ́n fi sin ín, èrò sì ya bo ibẹ̀. Ẹni tó ṣe é hàn kedere, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n sì pa á. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Àyìnlá kò gbà pé ife ọtí lásán lè pa ọkùnrin tí gbogbo Ẹ̀gbá mọ̀ sí alágbára; oògùn ni wọ́n wí, ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ayinla jáde ní 2021, àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé nípa ọ̀fọ̀ fún atọ́kùn ètò ẹranko ni ti Steve Irwin. Ọdún 1962 ni a bí i. Ètò rẹ̀, The Crocodile Hunter, bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ó sì tàn dé Nàìjíríà lórí tẹlifíṣọ̀n olówó oṣù; ọkùnrin aláṣọ kákí tí ń fò mọ́ ọ̀nì lẹ́yìn tẹ̀rín-tẹ̀rín ni àwọn òǹwòran mọ̀ ọ́n sí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù lójú òkun Queensland ní Batt Reef, ẹja pẹlẹbẹ kan tó ní ẹ̀gún olóró nírù gún un láyà. Ẹni ọdún 44 ni. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òdòdó àti ẹ̀wù kákí tí àwọn ènìyàn fọwọ́ kọ̀wé sí lára bo ẹnubodè ọgbà ẹranko ẹbí rẹ̀ ní Beerwah. Ìjọba ní àwọn fẹ́ ṣe ìsìnkú ìlú fún un, bàbá rẹ̀ kọ̀, ó ní ọmọ òun kì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdákọ́ńkọ́ ni ẹbí sin ín. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà ni wọ́n ṣe ìpéjọ ìrántí nínú pápá tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń fún àwọn ọ̀nì lóúnjẹ, tí Bindi, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́jọ, ka ọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ fún àwọn òǹwòran káàkiri àgbáyé. Òǹkọ̀wé Germaine Greer ní tirẹ̀ sọ pé ẹranko ti gbẹ̀san lára Irwin, inú sì bí ọ̀pọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí i.

Èyí tó jọ ti ilẹ̀ Yorùbá jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ní òdòdó nínú. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n rí òkú irú ẹja náà ní etíkun Queensland, ó kéré tán mẹ́wàá, tí wọ́n ti gé ìrù àwọn kan dànù. Àjọ Wildlife Warriors, tí Irwin dá sílẹ̀ láti dáàbò bo ẹranko, bu ẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí pé òdìkejì ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe gan-an ni. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é kò mọ ohun tó pa á. Kámẹ́rà ti gbà á sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí rẹ̀ kò jẹ́ kí fọ́nrán náà jáde sí gbangba. Ọwọ́ wọn ló ṣófo. Ọdẹ Yorùbá ì bá ti ní ẹrù tí yóò gbé wọ igbó.

Ọ̀nà mìíràn wà, tí a fi ń sọ ohun tó pa olóògbé jáde kí àhesọ tó gbilẹ̀. Nígbà tí olórin Fẹlá Aníkúlápó Kuti kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, kéde fún gbogbo ayé pé àrùn AIDS ni. Ìlú kò fẹ́ gbọ́ ọ, àwọn mìíràn sì kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà di ohun tí a lè máa sọ nílé àti níléèwé. Ikú Dágrin, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń fi Yorùbá ìgboro ṣe orin ráàpù, kò ní irú ìkéde bẹ́ẹ̀, kò sì nílò rẹ̀: ọkọ̀ rẹ̀ kọlu tírélà tó dúró ní Mushin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2010, ó sì kú ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ 22. Àwọn ọ̀dọ́ kàn ń gbọ́ orin rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ ikú ní àgbọ́túngbọ́ ni, wọ́n ní ó ti rí i tẹ́lẹ̀.

Ti olórin MohBad, Iléríolúwa Aloba, ló kó gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ yìí pọ̀. Ẹni ọdún 27 ni nígbà tó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Òkú ọ̀fọ̀ ni, nítorí náà ọjọ́ kejì ni wọ́n ti sin ín ní Ìkòròdú, fọ́nrán ìsìnkú náà sì ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Ohun tí ẹbí kà sí àṣà, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kà á sí ìkánjú ẹni tó ní nǹkan fi pamọ́. Ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó àti àwọn ìlú mìíràn, àbẹ́là wà lọ́wọ́ wọn, orin rẹ̀ wà lẹ́nu wọn, ìdájọ́ òdodo ni wọ́n ń béèrè. Àwọn ilé rédíò kan jáwọ́ nínú gbígbé orin àwọn akọrin tí ìgboro ti dá lẹ́bi ikú rẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó jókòó. Àìṣòdodo wà nínú ìyẹn, bó ti wù kí ìbínú náà tọ́ tó. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, àwọn agbófinró hú òkú náà fún àyẹ̀wò. Láti 2007 ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní ètò ìwádìí ikú òjijì, kí a tó sin òkú, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí tó ń lo ètò yìí kò pọ̀. Nígbà tí onímọ̀ nípa òkú wá jẹ́rìí, ó ní a kò lè fi ìdánilójú sọ ohun tó pa á, nítorí pé òkú náà ti ń bàjẹ́ kí a tó gbé e dé iwájú òun.